Àhesọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa màmá mi ní London, kì í ṣe òtútù

Lọ́jọ́ tí èmi àti màmá mi balẹ̀ sí Heathrow, a ò tíì kúrò níbi tí wọ́n ti ń pàdé àlejò tí ọkùnrin kan fi tọ̀ wá wá. Ó wọ kóòtù dúdú, ó tẹrí ba fún màmá, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Ṣé táásì lẹ ń wá?" Yorùbá pọ́ńbélé ló sọ. Màmá mi tí ojú rẹ̀ ti le láti Èkó nítorí òtútù inú bàálù, ńṣe ni ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ wa ni. Jẹ́ kó gbé wa."

Ọkùnrin náà ní £60 ni. Mo gbà. Èmi tí mo ka òfin ní yunifásítì, tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, mi ò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tá a fi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abbey Wood, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, owó ti di £160. Ó ní £60 tóun sọ, ẹnì kan ni. Pé ẹrù ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, ibi tóun páàkì sí ní pápákọ̀ òfurufú náà lọ́tọ̀. Àpótí wa ṣì wà nínú búùtù ọkọ̀ ẹ̀. Mo sanwó.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wí níwájú màmá. Ìgbà tá a wọlé tán ló fà mí lọ sí kíṣìnnì. "Ìwọ lọ́yà yìí, o ò rí mẹ́sééjì tí mo fi ránṣẹ́ ni? Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló máa gbé yín láti Heathrow dé ibí." Òótọ́ ló sọ. Elizabeth line tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022 ń lọ tààrà láti Heathrow, ní Terminal 2 àti 3, dé Abbey Wood. Owó àwa méjèèjì pa pọ̀ ò ní í tó £40.

Owó yẹn dùn mí, mi ò ní parọ́. Àmọ́ òun kọ́ ló dùn mí jù nínú ìrìnàjò náà. Èyí tó dùn mí jù, ọsibítù ló gbé wa dé, ohun kan náà ló sì fa àwọn méjèèjì: a gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ èdè wa gbọ́, a ò béèrè bí òfin ìlú ṣe rí. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé lọ́sẹ̀ yìí náà, ìyá ẹnì kan ń di ẹrù láti lọ wẹ ọmọ ní Ìlú Ọba.

Táásì: ta ló lè gbé yín lójú títì?

Oríṣi táásì méjì ló wà ní London, òfin tó de wọn ò sì dọ́gba. Èkíní ni black cab, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dúdú mọ́, àmọ́ gbogbo wọn ló ní iná tí wọ́n kọ TAXI sí lókè orí ọkọ̀. Tí iná yẹn bá ń tàn, ẹ lè nawọ́ sí i lójú títì, á dúró. Mítà ló ń ka owó rẹ̀, ẹ óò máa wò ó bó ṣe ń lọ. Láti October 2016 ló ti di dandan fún wọn láti gba káàdì, nítorí náà awakọ̀ tó bá ní owó wẹ́rẹ́ nìkan lòun ń gbà, ẹ fura sí i.

Àwọn awakọ̀ black cab kì í ṣe ẹni tó kàn gba láísẹ́ńsì lánàá. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní The Knowledge, ó ti wà láti 1865. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ náà káàkiri London gbọ́dọ̀ mọ nǹkan bí 25,000 òpópónà tó wà láàrin máìlì mẹ́fà sí Charing Cross, sórí ni o, kì í ṣe pé kó máa wo fóònù. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Gbogbo ọkọ̀ náà ló ní àyè fún kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ẹ rántí èyí tó bá jẹ́ pé orúnkún ń yọ bàbá tàbí màmá lẹ́nu. Ó wọ́n o, pàápàá lóru àti lópin ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ bá lọ.

Èkejì ni minicab. Àwọn Uber àti Bolt wà nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó wà ládùúgbò náà wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1998 ló dè wọ́n: wọn ò gbọdọ̀ gbé èrò tí ò kọ́kọ́ pè wọ́n sílẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ pe ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù pè wọ́n, kí ọkọ̀ tó wá. Transport for London, tí wọ́n ń pè ní TfL, ló ń fún ilé iṣẹ́, ọkọ̀ àti awakọ̀ ní ìwé àṣẹ, bébà róbótó ìwé àṣẹ náà sì máa ń wà lára gíláàsì ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

Ṣé ẹ wá rí ọ̀rọ̀ ọkùnrin Heathrow yẹn báyìí? Bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ minicab, bó ṣe tọ̀ wá wá yẹn, ó ti rú òfin. Ohun tó burú jùyẹn lọ ni pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í sí lábẹ́ adójútòfò ọkọ̀ náà. Ká ní a forí sọ nǹkan lójú ọ̀nà, ta là bá mú? Kò sí ìwé tó fi hàn pé a wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó bá wá bá yín, ì báà sọ Ìjẹ̀bú, ì báà sọ Ìjẹ̀ṣà, ì báà kì yín ní oríkì ìdílé yín. Tí ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi fóònù pè bá dé, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ kó bá ti orí fóònù mu, kẹ́ ẹ sì bi awakọ̀ pé, "Ta lẹ wá gbé?" Ẹ má sọ orúkọ yín fún un ṣáájú, òun ni kó sọ ọ́. Ẹ jókòó sẹ́yìn.

Fún àgbàlagbà, ẹ kọ àdírẹ́sì ilé sórí bébà kan, kẹ́ ẹ fi póòsìkóòdù rẹ̀ sí i àti nọ́ńbà ẹni tó ń gbé níbẹ̀, kó wà nínú póòsì wọn nígbà gbogbo. Orúkọ òpópónà kan lè wà níbi mẹ́wàá ní London. Póòsìkóòdù ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ sì sọ fún wọn pé tí wọ́n bá fẹ́ sọdá, ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó rántí pé bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ṣe ní Nàìjíríà títí di April 1972.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta

Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń lo oògùn rẹ̀. Páálí méjì ló rà fún ìrìnàjò yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló bá a dé London. Ìkejì wà lórí tábìlì ní Ìbàdàn. Kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Ńṣe ló ń gé hóró kan sí méjì, tó ń lo ààbọ̀ láràárọ̀, kó lè tó o lò dọjọ́ tá a máa padà.

Kí ló dé tí ò sọ̀rọ̀? Ìyá kan tí wọ́n jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ló kìlọ̀ fún un. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá ti fi físà àlejò gbé ẹsẹ̀ sí ọsibítù wọn, orúkọ yín ti wọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ ò ní í rí físà gbà mọ́." Físà yẹn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí màmá fi lè máa rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó kúkú gbà láti máa fara da orí fífọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé kan, nǹkan bí aago márùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi dìde láti fún ọmọ lọ́mú, ló bá bá màmá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò já geere. Ẹ̀gbọ́n mi pe 999. Bó ṣe ń sọ àdírẹ́sì lórí fóònù, màmá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ má pè wọ́n. Físà mi."

Mi ò lè gbàgbé gbólóhùn yẹn. Obìnrin tí ò lè dìde nílẹ̀, físà ló ń rò.

Áńbúláǹsì dé. Dókítà ní kì í ṣe àrùn rọpárọsẹ̀, àmọ́ ó kù fẹ́ẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Ọjọ́ méjì ló sùn ní wọ́ọ̀dù. Mo ń wá ìwé ìrìnnà rẹ̀ nínú báàgì Bíbélì rẹ̀ ni mo rí ààbọ̀ hóró oògùn mẹ́fà tó fi tíṣù dì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé owó dé. Ó lé ní £2,000.

Kí ni ọ̀fẹ́, kí ni owó?

Àhesọ méjì ló ń lọ láàrin wa nípa ọsibítù London. Àwọn kan ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sáà lọ. Àwọn kan ní ẹ má débẹ̀ rárá, wọ́n á lé yín padà sílé. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì. Bó ṣe rí fún ẹni tó bá físà àlejò lọ, ìyẹn èyí tí kì í ju oṣù mẹ́fà lọ nígbà kan, nìyí.

Ìlú Ọba dá NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, sílẹ̀ lọ́dún 1948. Nínú ètò yìí, dókítà àdúgbò wà tí wọ́n ń pè ní GP. Rírí GP ò ní owó nínú, fún onílé àti àlejò. Ẹni tó bá máa lò ju ọjọ́ kan lọ ládùúgbò, tí ò ní í tó oṣù mẹ́ta, lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ torí pé ẹ ò ní ìwé àdírẹ́sì tàbí ìwé físà lọ́wọ́ lé yín padà. Oògùn tí GP bá kọ ní England, owó ni ẹni tó wà láàrin ọjọ́ orí iṣẹ́ máa fi rà á, ó ti jẹ́ £9.90 fún ẹyọ kan láti May 2024. Ẹni tó bá ti pé ẹni 60 ọdún, kì í san kọ́bọ̀.

Màmá mi ti pé ẹni ọdún 68. Oògùn tó ń gé sí méjì yẹn, ká ní ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì tá a dé, a ò bá rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, A&E ni ẹ̀ka tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ ní ọsibítù. Ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe fún yín nínú A&E gan-an, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé. Ibi tí òwò ti yí padà ni ìgbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sùn sí wọ́ọ̀dù, tàbí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá rí dókítà ọsibítù lọ́jọ́ mìíràn. Láti ibẹ̀ ni àlejò ti ń sanwó, owó náà sì jẹ́ ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ń ná NHS fúnra rẹ̀. Ìtọ́jú tí ò lè dúró, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí owó dá a dúró. Wọ́n á tọ́jú yín ná, ìwé owó á máa bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó lè dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá délé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó. Ti aboyún náà rí bẹ́ẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ lé e padà, kódà tí ò bá ní owó lọ́wọ́, àmọ́ ìwé owó á dé. Ẹni tó bá ń sọ fún ìyàwó yín pé kó kàn fi físà àlejò wá bímọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ bi í bóyá òun ló máa sanwó ẹ̀.

Àwọn tó gba físà tó ju oṣù mẹ́fà lọ, bí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́, ti sanwó ìlera mọ́ owó físà wọn. Láti February 2024, £1,035 ni lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́. Tiwọn yàtọ̀. Ẹ má ṣe fi ohun tí àbúrò yín tó ń kàwé níbẹ̀ jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ díwọ̀n ohun tẹ́ ẹ máa jẹ.

Físà ńkọ́? Òtítọ́ kékeré kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ó gbé e gba ibi tí kò yẹ. Ẹni tó bá jẹ NHS ní gbèsè tó tó £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ju oṣù méjì lọ tí kò san án, wọ́n lè fi tó Home Office létí, ìyẹn sì lè ba físà rẹ̀ tó ń bọ̀ jẹ́. Gbèsè tí èèyàn ò san ni o. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe pé èèyàn dé ọsibítù. Ohun tá a ṣe ni pé bí ìwé owó ṣe dé, ẹ̀gbọ́n mi pè wọ́n lọ́jọ́ náà, ó ní a ò lè san án lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pín in fún wa lóṣooṣù, wọ́n kọ ọ́ síwèé, a sì ń san án déédéé títí ó fi tán. Màmá ti béèrè físà lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n fún un.

Kẹ́ ẹ tó wọ bàálù

Ẹ ra adójútòfò ìrìnàjò. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, bíi Jámánì àti Faransé, kì í fún èèyàn ní físà àlejò láìsí adójútòfò ìlera tó tó €30,000. Ìlú Ọba ò sọ ọ́ di dandan, ìyẹn ló jẹ́ ká máa fojú tín-ín-rín rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ sọ òótọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọkàn, ohunkóhun tó bá ń ṣe yín tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi pamọ́, ìwé adójútòfò náà lè di bébà lásán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀.

Ẹ gbé oògùn tó máa tó yín dé ọjọ́ ìpadàbọ̀, kẹ́ ẹ tún fi ti ọ̀sẹ̀ méjì lé e. Nínú páálí rẹ̀ ni kó wà, nínú báàgì tẹ́ ẹ máa gbé dání, kì í ṣe inú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tí orúkọ oògùn wà níbẹ̀. Ti àwọn oògùn bíi tramadol àti diazepam, láìsí ìwé dókítà, wàhálà lẹ fẹ́ fi gbé. Ẹ má rò pé ẹ máa yà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì kẹ́ ẹ ra ampiclox bẹ́ ẹ ṣe ń rà á nílé. Wọn ò jẹ́ ta oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà. Ṣùgbọ́n oníkẹ́míìsì wọn máa ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ikọ́, ọ̀finkìn àti inú rírun.

Ẹ há nọ́ńbà méjì sórí. 999 ni fún ohun tó lè gba ẹ̀mí. 111 ni fún ohun tó ń dà yín láàmú tẹ́ ẹ ò sì mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Wọ́n ń gbé e tọ̀sán-tòru, owó ò sì wọ̀ ọ́. Tí gẹ̀ẹ́sì màmá ò bá já gaara, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá ògbufọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ ò ní í sanwó fún un.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré ẹ̀: tí ibà bá mú yín ní London, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó oṣù mélòó kan tẹ́ ẹ ti kúrò nílé, ẹ sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀ pé Nàìjíríà lẹ ti wá. Ibà ẹ̀fọn lè dúró títí tó ọdún kan kó tó yọjú, pàjáwìrì ni wọ́n sì kà á sí níbẹ̀. Dókítà tí ẹ ò sọ fún lè rò pé òtútù lásán ni.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ránṣẹ́ pe òbí, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kẹ́ ẹ tó tú ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ jáde, ẹ ní kí wọ́n kó oògùn wọn wá, kẹ́ ẹ kà á. Ẹ sọ fún wọn lójú wọn pé rírí dókítà kò lè ba físà jẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, ẹlòmíì ti ń dúró dè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí láti sọ nǹkan mìíràn fún wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò màmá ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo lọ sun Ìbàdàn. Mo bá a nídìí tábìlì ọjọ́sí, ó to páálí oògùn mẹ́ta síwájú, ó wọ ìgò ojú. Ó ní, "Jókòó, wá bá mi kà á. Àti pé èmi ò bá ọmọ Yorùbá kankan wọ táásì ní Heathrow mọ́ o. Rélùwéè ni mo fẹ́ wọ̀."